Ilé Tí Wọ́n Ti Gbé Rí

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tí Wẹ́dà àti Tíṣà pàdé, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo jókòó sídìí máṣíìnì mi, mò ń rán aṣọ ìgbéyàwó ẹlòmíràn, nígbà tí ariwo sọ lódìkejì títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà tó ń jó irin. Ọkùnrin kan tó máa ń ra àjákù irin ti gba ẹ̀yìn wọlé, ó fẹ́ gbé irin géètì tí Wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán sá lọ. Wẹ́dà ká a mọ́ ọn. Kí n tó dìde, wọ́n ti wọ̀yá ìjà. Olè náà fi orí kan Wẹ́dà nímú, ẹ̀jẹ̀ dà láti imú dé àyà. Wẹ́dà gbé e ṣánlẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa ọ̀pá irin kan yọ, ó sì gbé e sókè.

Èmi ti di ojú, torí mi ò fẹ́ jẹ́rìí ikú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo lajú, irin náà ṣì wà lókè lọ́wọ́ Wẹ́dà. Ó wo ojú ẹni tó wà nílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì rọra gbé irin náà sílẹ̀.

"Dìde, máa lọ," ló wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ẹ níbí mọ́."

Obìnrin kan dúró létí gọ́tà. Tíṣà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ níléèwé tó wà lẹ́yìn títì wa, ó wá béèrè àga tí iléèwé ní kí Wẹ́dà bá wọn ṣe. Àwọn èèyàn túká, òun kò lọ. Ó ń wo Wẹ́dà bí ẹni tó rí ohun tí kò rí rí. Ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó sọdá, ó sì nà án sí i pé kó fi nu imú.

"Aṣọ yín á bàjẹ́ o," ni Wẹ́dà wí.

"Kó bàjẹ́," ni Tíṣà dáhùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Wẹ́dà kò ti jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Tí mo bá gé aṣọ, á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá ń jẹun, á jókòó tì mí. "Àǹtí Télọ̀, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Mo ní ṣé òun kò lẹ́nu ni. Ó ní ẹnu òun kì í ṣiṣẹ́ tí òun bá rí i. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi, mo sì gbéra lọ síléèwé bí alárinà gidi.

Tíṣà gbọ́ mi tán, kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe yangà. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Àǹtí, tí inú bá ń bí i, kí ló máa ń fọ́?"

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. "Etí wa ló máa ń fọ́. Tí inú bá bí i, á mú òòlù, á máa lu irin títí inú ẹ̀ á fi rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n."

"Irin nìkan?"

"Irin nìkan."

"Ẹ ní kó wá," ló wí.

Bí Wẹ́dà ṣe wá nìyẹn, kò sì yéé wá. Òjò ọdún yẹn rọ̀ ó dá, àwọn méjèèjì sì ti di ohun tí gbogbo títì ń wò. Tíṣà á ti iléèwé dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, á máa fi gègé pupa sàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ, Wẹ́dà á máa jó irin, iná á máa ta. Ìfẹ́ wọn dùn mọ́ mi débi pé mo ń bá wọn jowú. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Lọ́jọ́ kan, Wẹ́dà na apá sókè láti mú ife lórí pẹpẹ tó wà lókè orí Tíṣà, Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ gììrì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ife náà bọ́ lọ́wọ́ Wẹ́dà, ó fọ́ yángá. Tíṣà ló kó àfọ́kù náà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Wẹ́dà sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Àǹtí, ó rò pé mo fẹ́ lù ú."

"Ó ta gìrì lásán ni," mo wí. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà nìyẹn.

Nígbà tó yá, èmi àti ìyá Wẹ́dà lọ bá àwọn òbí Tíṣà. Kò sẹ́ni tí kò mọ bàbá rẹ̀ ládùúgbò wọn. Dírẹ́bà Àgbà ni gbogbo ayé ń pè é, ó ti wa bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn títí orúnkún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tutù, nǹkan dídùn kì í sì í wọ́n lápò rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó gbà wá dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀rín náà lé wa jáde.

"Ọmọ tí mo rán níléèwé dé ibi tó ga, kó wá lọ fẹ́ ẹni tó ń jó irin? Níbo ló fẹ́ gbé e sí? Nínú yàrá kan ṣoṣo? Ẹ sọ fún un kó wá ilé kó tó wá ìyàwó."

Ìyá Tíṣà ló gbé omi wá fún wa. Ife kan yọ̀ lórí àwo, ó fọ́ nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò ju pé ó wò ó lọ. "Kò burú," ló wí jẹ́jẹ́. Obìnrin náà sì ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣa àfọ́kù, ó ń ṣe wàràwàrà, títí ìka rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo sọ fún ìyá Wẹ́dà lójú ọ̀nà pé obìnrin yẹn mà láápọn o.

Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe wọlé tọ̀ wá nìyẹn. Ìyá Wẹ́dà ní kí wọ́n ra èyí tó ti wà nílẹ̀. "Ta ló fẹ́ dúró de ilé kíkọ́? Ẹ máa ra iyanrìn, àwọn bírikìlà á jí símẹ́ǹtì yín, òjò á rọ̀ sórí ògiri aláìlórùlé, irun yín á funfun kẹ́ ẹ tó wọbẹ̀. Ẹ ra ilé, ẹ kó ẹrù wọ̀ ọ́, ẹ bímọ fún mi." Wẹ́dà gba ti ìyá rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun, Tíṣà àti èmi, wá ń tẹ̀lé ajẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn wá ilé kiri, kò sí títì tí a kò dé.

Tíṣà kò fẹ́ ọ̀kankan. Á wọlé, kò ní wo òrùlé, kò ní béèrè omi. Á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri lọ láti ibi kan dé ibi kejì. Á ṣí ilẹ̀kùn, á tì í, á tún bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jáde sí gbangba. "Mi ò fẹ́ ẹ." Tí wọ́n bá bi í léèrè ìdí, á ní kò wu òun ni. Ajẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí pòṣé. Wẹ́dà ń rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó ṣe, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nílé kan tí èmi fẹ́ràn gan-an, tó ní pálọ̀ títóbi àti ilé ìdáná tí oòrùn ń wọ̀, ó sú mi. Mo fà á wọ yàrá kan. "Kí ló dé gan-an? Ṣé o ò fẹ́ ọkùnrin yìí mọ́ ni? Sọ fún mi, kí n padà sídìí máṣíìnì mi."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wo ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Wọ́n ti yọ pákó ibẹ̀, wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀. Bàtà ló ṣe ilẹ̀kùn yìí léṣe, wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó ni." Ó fà mí lọ sí balùwẹ̀. Irin ìtìlẹ̀kùn ló kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. "Ta ló ń ti ara ẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ tó báyìí, Àǹtí? Níbí ni ìyàwó ilé yìí máa ń sá sí." Ó wá gbé ọwọ́ mi lé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ga tó orí mi. Ibẹ̀ ti jìn wọnú rí, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì tuntun dí i. "Orí èèyàn ló ṣe èyí."

Mo fa ọwọ́ mi kúrò lára ògiri náà kíá.

"Báwo lo ṣe mọ gbogbo èyí?"

"Mo kàn mọ̀ ọ́n ni. Àǹtí, ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì sunkún nínú ẹ̀ ni mo fẹ́. Ká kọ́ tiwa. Bó jẹ́ yàrá kan ló máa kọ́kọ́ jáde, mo fara mọ́ ọn."

Mo rò pé ara àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, torí ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ a máa rí àpá lára ọmọ. Mo lọ sọ fún Wẹ́dà pé ẹ̀rù ń ba ìyàwó rẹ̀ nítorí kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Wẹ́dà ní ilé wo ló wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò sunkún nínú ẹ̀. Tíṣà ní èyí tí wọn ò tíì kọ́. Wẹ́dà ní, "Bàbá ẹ ò ní dúró dè mí títí n ó fi kọ́lé tán! Ó máa fún ẹlòmíì! Ìgbà wo la fẹ́ ṣe é, ìgbà tí mo bá ti ń fi ọ̀pá rìn?" Ohùn rẹ̀ ròkè, inú bí i gan-an, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá garawa tí mo ń da àjákù aṣọ sí. Garawa fò, ó ba ògiri, ó fọ́, àjákù aṣọ sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Tíṣà mú báàgì rẹ̀, ó fi ara ra ògiri kọjá, ó jáde.

"Tíṣà! Garawa ni mo gbá o!" ni Wẹ́dà ń pariwo tẹ̀lé e. "Garawa lásán ni!"

Kò padà. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́sẹ̀ kejì. Wẹ́dà rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó máa ń lọ dúró létí ọgbà iléèwé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọrin ìparí, tí Tíṣà bá sì jáde, á fi ara pamọ́. Èmi ló ń rán. Mo lọ, mo bẹ̀, mo bú. "Mo fẹ́ràn ẹ̀ títí ó ń dùn mí," ni Tíṣà sọ fún mi. "Àmọ́ mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Garawa ló wà nítòsí, Àǹtí. Tó bá jẹ́ pé èmi ló wà nítòsí ń kọ́?"

Ìgbà yẹn ni Dírẹ́bà Àgbà ránṣẹ́ pe Wẹ́dà. Ó fi í jókòó, ó fún un ní ohun mímu tútù, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Ó ní òun ti dàgbà, ilé òun ti tóbi ju òun lọ. Kí Wẹ́dà ra ilé náà lọ́wọ́ òun, òun á ṣe é ní ẹ̀dínwó, òun á sì fún un lọ́mọ. Òun àti ìyàwó òun á kó sí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn, wọn ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ẹ gbọ́ bí Wẹ́dà ṣe rò ó. Tíṣà kò fẹ́ ra ilé ẹlòmíràn, torí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Ilé wo wá ni Tíṣà mọ tinú tòde? Ilé tí wọ́n bí i sí, tó ti rìn, tó ti hu eyín. Ọ̀rọ̀ náà dá a lójú débi pé kò bi èmi, kò bi ìyá rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ló kó lé e. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, wọ́n buwọ́ lùwé, ilé di ti Wẹ́dà. Ó ní kí wọ́n má sọ fún Tíṣà, òun fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Ọlọ́run ló mọ̀ pé jàǹbá tí ọkùnrin rere tí kò béèrè nǹkan ṣe Tíṣà lọ́jọ́ yẹn kò kéré sí ti ọkùnrin burúkú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀ náà. Ògiri ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Dírẹ́bà Àgbà wà lórí àga rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èmi àti ìyá Wẹ́dà jókòó lápá kan, Wẹ́dà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un. Wọ́n sọ fún Tíṣà pé Wẹ́dà fẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ ni. Ó wọlé, ó kí gbogbo wa, ó wo Wẹ́dà, mo sì rí i pé àárò rẹ̀ ti sọ ọ́ títí.

"Ọmọ mi," ni Dírẹ́bà Àgbà wí, "má bínú mọ́. Ọkọ ẹ ti ra ilé fún ẹ."

"Ilé wo?"

"Ilé yìí," ni Wẹ́dà gbà á lẹ́nu bàbá, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Ìwọ lo ní o ò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílé àwọn ẹlòmíì. Èyí, kò sí ohun tí o ò mọ̀ nípa ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tíṣà wí. "Mo mọ gbogbo ẹ̀."

Ó dìde. Ó lọ sí ògiri tí fọ́tò bàbá rẹ̀ wà, ó gbé fọ́tò náà kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi èékánná ha ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà ń ṣí, símẹ́ǹtì ń yọ. "Ẹ wá wò ó. Ibí ni orí màámi ti ba ògiri nígbà tí mo ṣì ń kọ́ á-bí-dí. Ọbẹ̀ ló níyọ̀ jù." Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. "Èyí kì í ṣe ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Bàámi ti fi ẹsẹ̀ fọ́ àwọn tó ṣáájú. Ibi ìkó-nǹkan-sí yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń tì mí mọ́ tí mo bá bẹ̀bẹ̀ fún màámi. Mo máa ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti inú òkùnkùn."

Mo wo ìyá rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Mo rántí ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìtìjú sì mú mi.

Dírẹ́bà Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí fẹ́ràn eré. Jókòó."

"Ẹ sọ fún wọn, Màámi."

"Mo ní kó o jókòó." Kò pariwo o. Ohùn kan náà tó fi ń kí ọmọdé ni.

"Màámi, ẹ sọ fún wọn!"

Mi ò rí Dírẹ́bà Àgbà nígbà tó dìde. Ìró ìgbátí náà ni mo gbọ́. Tíṣà fi ẹ̀gbẹ́ ba kọ́bọ́ọ̀dù, gíláàsì já lu ilẹ̀, ètè rẹ̀ sì là. Kó tó ṣubú tán, bàbá náà ti na ọwọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, ó fa sípánà táyà yọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò wá a rárá. Bó ṣe mọ ibi tó wà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Gbogbo yín, ẹ jáde nílé mi!"

Wẹ́dà ti bọ́ síwájú Tíṣà. Sípánà bà á léjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ó ké, apá òsì rẹ̀ rọ̀ dirodiro, sípánà tún ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọrùn ọwọ́ bàbá náà, ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ irin lójoojúmọ́ sì ni. Wọ́n jọ wó lu tábìlì, tábìlì fọ́, wọ́n ń yí nínú gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ wọn méjèèjì ń bá ara wọn pàdé nílẹ̀. Ìyá Wẹ́dà ń ké ìbòsí. Èmi kì í ké ìbòsí. Mo gbé àpótí kan, mo là á mọ́ bàbá náà lẹ́yìn, àpótí fọ́, kò tu irun kan lára rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀, mo ki eyín bọ ọwọ́ tó fi di sípánà mú, mi ò sì tú u sílẹ̀ títí ó fi jù ú nù. Okùn òwú ni mo máa ń fi eyín mi gé láti kékeré, kò tíì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Sípánà yí lọ. Ìyá Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀ mú un.

Gbogbo wa dúró. "Gbé e wá," ni ọkọ rẹ̀ wí láti ilẹ̀. Kò gbé e wá. Ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wẹ́dà gbìyànjú, ó dìde, ó ń mí gúlegúle. "Bàbá, ilé ta lẹ ní ká jáde níbẹ̀?"

"Ilé mi!"

"Ẹ ti tà á. Inú ilé mi lẹ wà. Ẹ jáde."

Dírẹ́bà Àgbà wo ògiri yí ká. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lórí díẹ̀díẹ̀. Ó dìde, ó gbọn gíláàsì kúrò lára ṣòkòtò. "Kó ẹrù wa," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Rárá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ máa lọ."

Ó fò mọ́ ọn. Obìnrin náà fi sípánà gbá a lórúnkún, lórí orúnkún tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ yẹn gan-an, ó sì ké bí ọmọdé. Èmi àti Wẹ́dà wọ́ ọ gba iwájú ilé, a tì í sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, a sì ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dùn mọ́ mi dé ọ̀pá ẹ̀yìn.

Tíṣà ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ètè rẹ̀. Wẹ́dà kúnlẹ̀ tì í, ó fi apá tó dá sórí itan. "Mi ò mọ̀," ló ń wí. "Mi ò mọ̀ rárá. Mo máa wó o. Lọ́la, màá gbé òòlù wá, màá wó gbogbo ẹ̀."

"Wó o," ni Tíṣà wí. "Má fi ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀."

"Orí ta lẹ fẹ́ wó ilé lé?" Ìyá Tíṣà ló sọ̀rọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. "Èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi po símẹ́ǹtì ilé yìí, oyún ìwọ Tíṣà ló wà nínú mi. Ilé ò lù mí. Òun ló lù mí, òun ló sì jáde yẹn. Èmi ò lọ síbì kankan."

Tíṣà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, èmi ò lè sùn nínú ẹ̀."

"Ta ló ní kó o sùn nínú ẹ̀? Lọ kọ́ tìẹ."

Wẹ́dà wo ìyá tirẹ̀. Ìyá yẹn la ẹnu, ó tún pa á dé, torí òun náà mọ̀ pé gbogbo ohun tí ọmọ òun ní ló wà nínú ògiri wọ̀nyí. "Màámi," ni Wẹ́dà sọ fún ìyá Tíṣà, "ilé yín ni. A máa lọ yí ìwé rẹ̀ sórúkọ yín lọ́dọ̀ lọ́yà." Apá ń dùn ún débi pé omi ń jáde lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Tíṣà sun ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí àga, kò wọ yàrá kankan. Lówùúrọ̀, mo bá Wẹ́dà padà wá, wọ́n ti di apá rẹ̀ nílé ìwòsàn. A ń mu tíì lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí mì. Dírẹ́bà Àgbà ló dé. Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, ó ń fi ẹsẹ̀ ta á, ó ń ṣépè, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo orúkọ tí kò ṣe é sọ níwájú ọmọ. Wẹ́dà fẹ́ dìde, ìyá Tíṣà fi ọwọ́ dá a padà. Ó rọra rìn lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà.

"Ta ni?" ló béèrè.

"Kí ló ń jẹ́ ta ni? Èmi ni!"

"Ìwọ ta?"

Láti ìgbà ọmọge ló ti mọ ohùn yẹn. Kò tíì fi "ìwọ" pè é rí. Ilẹ̀kùn tún mì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá Tíṣà padà wá jókòó, ó sì mu tíì rẹ̀ títí ó fi tán.

Tíṣà yíjú sí Wẹ́dà. "Inú ń bí ẹ?" ló bi í. "Pé o kó gbogbo owó ẹ dànù sílé tí mi ò ní gbé?"

"Ó ń bí mi," ni Wẹ́dà wí. "Ó ń bí mi gan-an. Ó máa bí mi lọ́dún tó ń bọ̀ náà, nígbà tí mi ò bá rí owó ra yanrìn. Mo lè pariwo. Mi ò ní gbá nǹkan kan mọ́, ì báà jẹ́ garawa."

Tíṣà wò ó. Mi ò mọ ohun tó ń wá lójú rẹ̀. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọwọ́ Wẹ́dà tó yè.

"Ó yá," ló wí, "jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Yàrá ẹ yẹn."

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà gbọọrọ. Bó ṣe rí Tíṣà, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a. Tíṣà di ọwọ́ Wẹ́dà mú, ó kọjá lára rẹ̀, kò sì sáré.